Igi Tó Ń Béèrè Ẹni Tó Pè É

Ìbíwùmí gbẹ́nu sún mọ́ ẹ̀rọ Agbọ́hùn, ó pe orúkọ tó kàn nínú rẹ́jísítà.

"Akinwándé Ẹ̀hìnlàńwò!"

Gbogbo ọkọ̀ tó wà lójú omi pa rọ́rọ́. Àwọn ọmọ tó ń jẹ ẹ̀pà gan-an dá ẹnu dúró. Lẹ́yìn náà ni ohùn ọkùnrin kan jáde láti ọwọ́ òsì, nínú igbó ẹ̀gbà tó ti gbòǹgbò bọ inú omi.

"Mo wà!"

Igi kejì gbà á. "Mo wà!" Ìkẹta gbà á, ìkẹrin gbà á, ó ń sáré láti ara igi dé ara igi bí ìgbà tí iná bá ń jó pápá nígbà ọyẹ́, "Mo wà! Mo wà! Mo wà!", títí àwọn lékeléke fi tú dìde lórí igi tí ojú ọ̀run fi funfun.

Bàbá Akinwándé fúnra ẹ̀ dìde dúró nínú ọkọ̀, ó ṣí fìlà. Ẹni ọdún mẹ́rinlélọ́gọ́rin ni. Ohùn tó ń jáde lára igi yẹn, ohùn ìgbà tó ṣì wà ní ẹni ogójì ọdún ni.

"Ẹ gbọ́ mi o!" ni bàbá náà pariwo. "Ẹ gbọ́ bí mo ṣe le tó!"

"Igi ló le, bàbá," ni ìyàwó ẹ̀ dá a lóhùn láti ẹ̀yìn. "Ìwọ jókòó kó o tó dà wá sómi."

Ẹ̀rín sọ lójú omi.

Ọdún karùn-ún rèé tí Ìbíwùmí ti ń pe igi ní ìlú Ìdíẹ̀gbà, ó yẹ kó ti mọ́ ọn lára. Kò mọ́ ọn lára o. Ṣé nǹkan tó ń mọ́ èèyàn lára ni kí igbó jẹ́ ìpè? Lọ́dọọdún, tí igi àkọ́kọ́ bá ti dáhùn báyìí, gbogbo irun ọwọ́ ẹ̀ á dìde, omi á lé sí i lójú, á wá máa ṣe bí ẹni pé oòrùn ló ń ta á lójú.

Ibi tí wọ́n wà yìí gan-an, ilẹ̀ ni tẹ́lẹ̀. Tí omi bá tòrò, tó o bá bẹ̀rẹ̀ wo ìsàlẹ̀, wàá rí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́, ẹja ń wọlé ń jáde lójú fèrèsé bí ìjọ tó pẹ́ dé ìsìn. Òkun ló gba gbogbo ẹ̀. Òun ì bá gba èyí tó kù náà, bí kì í bá ṣe ti ẹ̀gbà tí wọ́n gbìn yí ìlú ká. Ìdí nìyẹn tí ìjọba fi ń fún ẹni tó bá gbin ẹ̀gbà ní owó ìrànwọ́ igbó. Ṣùgbọ́n ìjọba ìsinsìnyí kì í gba ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìwé ti purọ́ jù láyé àtijọ́. Tó o bá gbin igi, wàá fi etí kékeré kan, tí ò ju hóró àgbàdo lọ, sábẹ́ èèpo ẹ̀. Agbọ́hùn á wá gba inú etí yẹn pe orúkọ ẹ, ìwọ á jẹ́ ẹ, igi á sì gba ohùn ẹ títí ayé. Tí ọjọ́ ìpè bá dé, kálukú á gbọ́ ara ẹ̀.

Àwọn òkú náà ń dáhùn. Ohun tó ń mú kí ìlú máa da aṣọ tó dáa bo ara wá nìyẹn.

"Tọwọ́ bọ omi, kó o fi pa ojú," ni Bàbá Mẹ́sẹ̀ sọ fún un. Bàbá Mẹ́sẹ̀ ló ń wa ọkọ̀ tí Agbọ́hùn wà nínú ẹ̀. Ẹ̀rọ náà rí roboto bí ìkarahun ìgbín, ó tóbi tó ìkòkò oúnjẹ ìsìnkú, ìdajì ẹ̀ wà nínú omi. "Iṣẹ́ gidi ló kù yìí. Ti ọkọ̀ ló kàn."

Òótọ́ ni. Gbogbo èèyàn tún ìjókòó ṣe.

Ìdíẹ̀gbà ò tíì ní ọkọ̀ èrò ńlá láti oṣù mẹ́ta. Èyí tó wà ti gbó, wọ́n ti fà á lọ. Ẹni tó bá máa gba iṣẹ́ ọkọ̀ tuntun, òfin ẹ̀ ò le: àga kan, igi kan. Iye àga tó o fẹ́ fi kó èèyàn, iye ẹ̀gbà tó o máa kọ́kọ́ gbìn nìyẹn, torí ìgbì tí ọkọ̀ ńlá ń dá, ilẹ̀ ló ń jẹ. Àwọn méjì ló wá du iṣẹ́ náà. Ẹni àkọ́kọ́ ti lọ sílé láàárọ̀. Àga ọgọ́fà ló kọ, igi mọ́kàndínlọ́gọ́rin ló dáhùn, ó kó ẹrù ẹ̀, kò bá ẹnikẹ́ni jà.

Ó wá ku ilé-iṣẹ́ Ìgbì Wúrà, àga ọgọ́jọ.

Kọmíṣọ́nà ọ̀rọ̀ omi ló mú Ìgbì Wúrà wá. Adétóún lorúkọ ẹ̀, obìnrin tó mọ́ fínnífínní, tó máa ń pe gbogbo ayé ní ọmọ mi. Orí Àga Ìdáhùn ló jókòó sí, gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe wí. Àga tó léfòó ni, okùn kan ló so ó mọ́ ọkọ̀ Ìbíwùmí. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá mú agbaṣẹ́ṣe wá, orí ẹ̀ ló máa jókòó sí títí ọ̀rọ̀ á fi parí. Tí nǹkan ò bá lọ déédéé, okùn á já fúnra ẹ̀, àga á gbé e lọ sáàárín àwọn ará ìlú, kí ẹni tó bá na àjẹ̀ sókè lè bi í ní ìbéèrè. Ìbíwùmí ò tíì rí i kí okùn yẹn já rí.

"Ọmọ mi, pè wọ́n," ni Kọmíṣọ́nà wí. "Oòrùn ti ń mú."

Ìbíwùmí ki ohun ìgbọ́hùn bọ etí. Kọmíṣọ́nà náà ki tiẹ̀ bọ etí. Ibi tí Ìgbì Wúrà gbin igi sí jìn, ẹ̀yìn kọ̀rọ̀ omi kejì ni, ará ìlú ò lè fi etí lásán gbọ́ ju ariwo tó ń kùn bí oyin lọ.

"Ìgbì Wúrà!"

"Mo wà!" Ohùn ọ̀dọ́kùnrin. "Mo wà!" Ohùn obìnrin tó lómi lẹ́nu. "Mo wà! Mo wà!" Lára Agbọ́hùn, àwọn ìlẹ̀kẹ̀ ń tàn níkọ̀ọ̀kan, igi kan, ìlẹ̀kẹ̀ kan. Ogójì. Ọgọ́rin. Ọgọ́rùn-ún. Àwọn èèyàn ti ń pàtẹ́wọ́. Obìnrin kan tó fẹ́ẹ̀ bímọ ti ń fọwọ́ pa ikùn, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ṣe tán, òun ni ọkọ̀ yẹn kọ́kọ́ máa gbé. Ogóje. Ọgọ́jọ ku mẹ́ta.

Ohùn kan wá sọ ní etí Ìbíwùmí pé:

"Ìwọ ta nìyẹn?"

Ó dákẹ́ díẹ̀, bí ẹni tó ń yọjú wo ìta.

"Ó dáa, mo wà, jàre."

Méjì tó kù dáhùn tẹ̀lé e. Gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ tàn. Ìlú hó yèè. Ó ku kí Ìbíwùmí sọ "Ó pé," iṣẹ́ á sì di ti Ìgbì Wúrà fún ọdún mẹ́wàá.

Ó fẹnu kúrò níwájú Agbọ́hùn.

Kò sẹ́ni tí ò mọ ohùn yẹn ní Ìdíẹ̀gbà. Olúfúnmibí ni, ìyá tó bí Ìbíwùmí. Nígbà tó ń gbin tiẹ̀, tí Agbọ́hùn gba inú etí igi pe orúkọ ẹ̀, màmá náà kọ̀, kò jẹ́ ẹ. Ó ní ta ló ń jẹ́ ìpè ẹni tí ò rí? Ṣé wọn ò kọ́ wọn nílé ni? Tí ohun kan bá ń pe orúkọ èèyàn láti inú igbó, ṣé wọ́n á kàn máa dáhùn bí ewúrẹ́ ni? Àwọn òṣìṣẹ́ igbó bẹ̀ ẹ́ títí, wọ́n ní màmá, "mo wà" lásán la ní kẹ́ ẹ sọ. Ó ní ó dáa, òun á sọ ọ́, ṣùgbọ́n òun á kọ́kọ́ béèrè. Bó ṣe ṣe fún gbogbo igi mọ́kànlélọ́gbọ̀n tó gbìn sétí èbúté nìyẹn. Lọ́dọọdún, tí wọ́n bá pe orúkọ ẹ̀, ẹ̀rín ni ìlú máa ń rín. Àwọn ọmọdé ti ń fi ṣeré.

Ọdún kẹfà rèé tí màmá ti kú. Kò sí ohùn ẹ̀ níbòmíì mọ́ láyé ju ara igi yẹn lọ. Ìgbì Wúrà sì ní ọdún tó kọjá lòun gbin igi tòun.

"Kọmíṣọ́nà mà," ni Ìbíwùmí rọra wí. "Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí mo gbọ́?"

"Igi ni mo gbọ́. Igi dáhùn, ó pé. Sọ ọ́, ọmọ mi."

"Màmá mi ni, mà. Òkú ò lè gbin igi lọ́dún tó kọjá."

Kọmíṣọ́nà wò ó. Ìbíwùmí rí i lójú ẹ̀ pé kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rù kọ́kọ́ bà á díẹ̀, lẹ́yìn náà ojú ẹ̀ tún padà mọ́ bí àwo tí wọ́n fọ̀.

"Àwọn ọmọ tí wọ́n gbé iṣẹ́ fún yìí," ló wí, ó mi orí. "Wọ́n á ti lọ gba ohùn sílẹ̀ níbi ìpè èṣí. Wọn kì í ṣe ọmọ ibí, wọn ò mọ̀ pé ẹnì kan ló máa ń dáhùn bẹ́ẹ̀." Ó fa okùn, àga ẹ̀ sún mọ́ ọkọ̀. "Ìbíwùmí, o mọ òfin jù mí lọ. Ohùn tó bá dáhùn níbi méjì ńkọ́?"

Ìbíwùmí gbójú sórí ìlẹ̀kẹ̀ ara Agbọ́hùn.

"Mo bi ọ́."

"Agbọ́hùn á pa á rẹ́ níbi méjèèjì, mà."

"Nítorí kí ni?"

"Nítorí ẹ̀rọ ò mọ èyí tó jẹ́ òótọ́. Ẹ̀rọ ló ń kà, èèyàn ló ń mọ̀."

"O ṣeun. Tí èèyàn ò bá wí nǹkan kan ńkọ́? Ẹ̀rọ á kàn kà á, á lọ." Ohùn ẹ̀ rọ̀ bí ẹni tó ń tu ọmọ nínú. "O ti sin ìyá ẹ lẹ́ẹ̀kan, ọmọ mi. Má sin ín lẹ́ẹ̀kejì tìtorí igi mẹ́ta mẹ́rin. Wo aboyún yẹn. Ọkọ̀ làwọn èèyàn ẹ ń fẹ́. Èmi á ní kí wọ́n lọ gbin èyí tó kù lọ́la, mo fi orí mi búra."

Ìbíwùmí yíjú sí Bàbá Mẹ́sẹ̀. Bàbá náà ń wo àjẹ̀ tó fi ń wakọ̀, omi ń kán lẹ́nu ẹ̀ tó, tó, tó.

"Bàbá, ẹ sọ nǹkan."

"Kí ni n ó sọ? Kì í ṣe èmi ni mo bí ọ." Ó gbé àjẹ̀ lé ẹsẹ̀. "Èmi kàn wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ni. Ní èbúté. Ẹsẹ̀ ìyá ẹ ti wú tó báyìí, ilé ìwòsàn ń retí ẹ̀ ní òdìkejì. Tíkẹ́ẹ̀tì ń bẹ lọ́wọ́ ẹ̀. Ọkọ̀ àtijọ́ ti bàjẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn, wọ́n ń tún un ṣe. Ọkọ̀ tuntun tí wọ́n ṣí lórí tẹlifíṣọ̀n, tí wọ́n gé rìbọ́nù ẹ̀, òun la jọ ń dúró dè látàárọ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, ó bi mí, ó ní, Mẹ́sẹ̀, ta ló ni ọkọ̀ yìí gan-an? Mi ò mọ̀. Mo bi ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Òun náà ò mọ̀. Gbogbo wa lórí èbúté, kò sẹ́ni tó tíì béèrè rí." Ó nu ojú. "Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti lọ. Ọkọ̀ ò sì dé títí dòní, torí kò sí ọkọ̀ kankan níbì kan."

Ìbíwùmí jókòó. Ó ṣí rẹ́jísítà, ó ń ṣí i, ó ń ṣí i, títí ó fi kan ojú ìwé tó kẹ́yìn.

"Mà," ló sọ fún Kọmíṣọ́nà, "ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ pe màmá mi ná."

Kọmíṣọ́nà mí kanlẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó rò pé ó ti bùṣe. "Pè é, ọmọ mi. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Pè é."

"Olúfúnmibí Ayétimíyìn!"

Etí èbúté lèyí wà, nítòsí, gbogbo ìlú ló gbọ́ ọ ketekete.

"Ìwọ ta nìyẹn?" ni igi àkọ́kọ́ wí.

"Ìwọ ta nìyẹn?" ni ìkejì wí. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, igi mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ohùn kan, tó rẹ̀ díẹ̀, tí ìjà wà nínú ẹ̀ díẹ̀, bí ìgbà tó bá ń ti inú yàrá bá ọmọ tó pẹ́ níta wí. Ìlú bú sẹ́rìn-ín bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Ọmọdé kan sín in jẹ.

Ẹni tó ń pe igi kì í dá igi lóhùn. Kò sí nínú iṣẹ́ ẹ̀. Ó máa ń pè ni, á kà, á kọjá. Ọdún márùn-ún ni Ìbíwùmí ti ń gbọ́ ìbéèrè yìí, ọdún márùn-ún ló ti ń kọjá lórí ẹ̀.

"Èmi ni, Màmá," ló wí sínú Agbọ́hùn. "Èmi Ìbíwùmí ni. Ẹ má bínú, mo pẹ́ kí n tó dáhùn."

Ẹ̀rín dá lójú omi. Ohun tó ṣẹlẹ̀ tẹ̀lé e, àwọn tó wà níbẹ̀ ṣì ń sọ ọ́ fọ́mọ wọn. Afẹ́fẹ́ ò fẹ́, síbẹ̀ ewé gbogbo igi màmá náà mì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bóyá ẹyẹ ló fò lórí wọn. Èmi ò mọ̀, wọ́n ní ewé mì ṣá ni. Lẹ́yìn náà ni igi mọ́kànlélọ́gbọ̀n jọ sọ ọ́ pọ̀:

"Ó dáa, mo wà, jàre."

Ìbíwùmí jẹ́ kó parí. Ó jẹ́ kó parí pátápátá, títí omi fi gbé èyí tó kẹ́yìn lọ. Ó wá dìde dúró, ó sọ ọ̀rọ̀ tí òfin kọ́ ọ:

"Ohùn kan dáhùn níbi méjì. Mo mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe ti Ìgbì Wúrà."

Gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ ara Agbọ́hùn kú pii.

Ẹ̀rọ náà fa èémí, àbí kí ni kéèyàn pè é? Omi tó wà láyìíká ẹ̀ fà wọlé, ó tú jáde. Nǹkan kan rìn lábẹ́ omi, ó gba àárín gbòǹgbò lọ sí etí èbúté, ọkọ̀ tó bá gba abẹ́ ẹ̀ kọjá á mì díẹ̀, èèyàn inú ẹ̀ á di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú. Nígbà tó dé ìdí igi màmá, ó dúró. Kò sí ariwo kankan. Ó kàn jẹ́ pé ìdákẹ́ tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, àti ìdákẹ́ tó wà níbẹ̀ báyìí, kì í ṣe ọ̀kan náà mọ́.

Ìbíwùmí di àyà mú, ó jókòó gbì.

Okùn Àga Ìdáhùn wá já.

"Ìbíwùmí!" ni Kọmíṣọ́nà kígbe. "Ọmọ mi! Bá mi dì í mú!"

Kò sẹ́ni tó lè dì í mú. Àga náà gbé e lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, láìsí ẹ́ńjìnnì, láìsí àjẹ̀, ó gbé e dé àárín gbogbo ọkọ̀, ó dúró síbẹ̀. Àwọn èèyàn yà fún un bí ìgbà tí omi bá yà fún ọkọ̀. Bí ẹni náà ṣe tóbi tó lórí tẹlifíṣọ̀n, ó wá kéré lójú omi.

Bàbá Akinwándé ló kọ́kọ́ na àjẹ̀ sókè. Àga yí ojú Kọmíṣọ́nà sí i fúnra ẹ̀.

"Ẹ kú ìjókòó o, mà," ni bàbá náà wí, ó tún ṣí fìlà, àbọ̀wọ̀ fún ipò ẹ̀. "Ìbéèrè tèmi ò gùn. Ta ló ni Ìgbì Wúrà?"

"Ilé-iṣẹ́ tó ní ìwé àṣẹ ni, bàbá, tí ìjọba…"

Àga ò yí. Tí ìdáhùn ò bá tíì jẹ́ ìdáhùn, kì í yí. Wọ́n dúró. Oòrùn ń pa gbogbo wọn pọ̀, Kọmíṣọ́nà àti ẹlẹ́pà.

"Ọkọ àbúrò mi ni," ló wí nígbẹ̀yìn, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

Àga yí. Aboyún yẹn ló na àjẹ̀ tó kàn, ọwọ́ ẹ̀ kan ṣì wà níkùn.

"Igi mélòó lẹ fi owó ìrànwọ́ igbó gbìn, mà?"

Èyí pẹ́ jù ti àkọ́kọ́ lọ. Ó gbójú sókè, ó gbójú sílẹ̀.

"Ọ̀pá ni wọ́n rì mọ́lẹ̀," ló wí. "Wọ́n so etí mọ́ ọn. Igi gidi ò tó ogún."

Àga yí. Àjẹ̀ tó wà lókè ti di igbó.

Bàbá Mẹ́sẹ̀ ò dúró gbọ́ èyí tó kù. Ó rọra yí ọkọ̀, ó wà á gba etí èbúté, kò sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, Ìbíwùmí na ọwọ́, ó fi kan igi màmá ẹ̀ àkọ́kọ́. Èèpo ẹ̀ gbóná fún oòrùn. Ó gbá a mọ́ra.

"Pè é," ni Bàbá Mẹ́sẹ̀ wí.

"Kò ní dáhùn mọ́, bàbá."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n igi ò kú. Igi tó bá ti sọ ohùn nù, ó lè gba òmíì. Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ sínú òfin ni? Ọwọ́ kan náà ló gbin gbogbo wọn, gbòǹgbò wọn di ara wọn mú. Tó o bá fún ọ̀kan, o ti fún mọ́kànlélọ́gbọ̀n."

Ìbíwùmí ti gbàgbé abala òfin yẹn. Tàbí kò fẹ́ rántí ẹ̀ ni, torí ẹni tó bá fi ohùn tiẹ̀ bọ igi òkú, ó ti gbà pé òkú ti lọ. Ó pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó kúnlẹ̀ nínú ọkọ̀, ó tẹ etí kékeré tó wà lábẹ́ èèpo, ó gbẹ́nu sí i. Ó ti mọ ohun tó máa sọ. Ọ̀rọ̀ méjì péré. Ó ti gbọ́ ọ lẹ́gbẹ̀rún ọ̀nà.

Ohùn kan tí ò lójú, tí ò nímú, wá ti inú igi pe orúkọ ẹ̀.

"Ìbíwùmí!"

Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, ojú ẹ̀ ti le, ọrùn ẹ̀ ti gùn, ó ti yọjú wo ẹ̀yìn igi.

"Ìwọ ta nìyẹn?"

Bàbá Mẹ́sẹ̀ rẹ́rìn-ín títí àjẹ̀ fi bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ sómi. Ìbíwùmí bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, ṣùgbọ́n ẹ̀pa ò bóró mọ́, igi ti gbà á. Igi tó kàn gbà á. "Ìwọ ta nìyẹn?" Ìkẹta gbà á. Ó ń sáré gba etí èbúté lọ, ohùn tuntun, ohùn ọ̀dọ́, ìbéèrè àtijọ́, ó jáde sójú omi, ó la àárín gbogbo ọkọ̀ kọjá, ó lọ bá obìnrin tó jókòó sórí àga níbẹ̀, tí àjẹ̀ yí i ká, tí ìdáhùn ṣì pọ̀ nílẹ̀ fún un.